Yọ Ẹnu Rẹ̀ fún Mi

Iná ṣì ń jó lórí òkè tó wà lẹ́yìn ìlú Limache.

Láti àárọ̀ ni Yasna ti ń fi wáyà so rédíò ìbánisọ̀rọ̀ àwọn panápaná mọ́ kọ̀ǹpútà, ó ń fi ìkànnì tuntun sínú wọn níkọ̀ọ̀kan. Ojú ń ta á. Tíì rẹ̀ ti tutù.

Doña Nelda, ìyá àgbàlagbà kan ládùúgbò, wọlé, ó gbé rédíò kékeré kan síwájú rẹ̀.

"Ọmọ mi, fi ìkànnì àwọn panápaná sí i fún mi. Ṣùgbọ́n yọ ẹnu rẹ̀. Etí nìkan ni mo fẹ́ kó ní."

"Kó máa gbọ́, kó má lè sọ̀rọ̀? Màmá, kí lẹ fẹ́ fi odi ṣe?"

"Ìwọ ṣáà ṣe é."

"Ó ti rẹ̀ mí, Màmá. Ẹ jẹ́ n mọ ìdí rẹ̀ ná."

Ìyá náà wo òkè náà láti ojú fèrèsé.

"Rocío ọmọ mi wà lára àwọn panápaná tó wà lókè yẹn. Tí n bá lè sọ̀rọ̀, màá ní kó máa bọ̀ nílé. Ó sì máa gbọ́ tèmi. Ta ló máa wá bá àwọn tó kù di rọ́bà omi mú?"

Yasna ṣe é, ó yọ wáyà, ó dá rédíò náà padà fún un.

Bí ìyá náà ṣe ń jáde, rédíò tó há sí bẹ́líìtì Yasna sọ̀rọ̀. Ohùn Ítalo, ọkọ rẹ̀, ni.

"Èmi àti Rocío ti ń wọ inú iná lọ."

Àtàǹpàkò Yasna ti tẹ bọ́tìnì kó tó mọ̀.

"Ítalo, jọ̀ọ́, máa bọ̀ nílé."

Kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, kó tó fọwọ́ kan rédíò ẹnikẹ́ni, tirẹ̀ ló ti kọ́kọ́ yọ ẹnu rẹ̀.