Rọ́bà Epo Tó Kẹ́yìn

Rọ́bà méjì, irú èyí tí ń gbé epo lọ sínú ẹ́ńjìnnì, ló wà lórí tábìlì Ìyá Àbẹ̀kẹ́, ẹni tí ń ta ẹ̀yà ara alùpùpù àtijọ́: ọ̀kan funfun, fún ọ̀ṣọ́ lásán, èkejì dúdú, tí epo bẹntiróò kò lè bà jẹ́, ọ̀kan ṣoṣo tó kù. Epo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán láyé: ife kan ṣoṣo ni ìlú ń fún ẹnì kan lọ́dọọdún, kó fi mú alùpùpù rẹ̀ dún fún gbogbo èèyàn.

"Dúdú ni mo fẹ́," ni Adégoróyè wí.

"Bàbá, alùpùpù yín tó wà ní pálọ̀, tí ẹ ń nù bí ọmọ tuntun, kí ni yóò gba inú rọ́bà rẹ̀ kọjá? Bàbá Ọ̀jẹ́lékè ni ìlú fún ní ife epo ọdún yìí. Ọ̀la ni wọn yóò ṣíná sí tiwọn, rọ́bà wọn sì ti ya."

Adégoróyè rántí bí èrò ṣe yí Ọ̀jẹ́lékè ká nígbà kan rí, tí wọ́n ń fa èéfín alùpùpù rẹ̀ símú tẹ̀rín-tẹ̀rín. Kò sẹ́ni tó wo alùpùpù tirẹ̀ lọ́jọ́ náà.

"Ṣé ó ti sanwó?"

"Rárá."

"Dì í fún mi."

Lọ́jọ́ kejì, ìlú dúró ní gbàgede títí oòrùn fi kan àtàrí. Láìsí rọ́bà, alùpùpù Ọ̀jẹ́lékè kò dún. Iwájú pátápátá ni Adégoróyè dúró sí. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ló ti dé ibẹ̀, kí ìró alùpùpù tí òun náà ń yán hànhàn láti gbọ́ má baà fo òun dá.