Ẹ̀ka Igi Tí Cedric Pè Ní Ìdọ̀tí

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ lágbedeméjì. Ẹ kà á dé ìsàlẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi ránṣẹ́ sí ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ilé síbi tí kò mọ̀. Tọpẹ́tọpẹ́ ni mo fi ń kọ ọ́, torí ìròyìn òkú ni ì bá jẹ́.

1.
Nílùú wa létí òkun ní Cape, ní ìpẹ̀kun ìsàlẹ̀ ilẹ̀ Áfíríkà, tí òjò ìgbà òtútù bá ti dá, tí òdòdó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lóṣù kẹsàn-án, kálukú á jáde tún àgbàlá rẹ̀ ṣe. A ó gé igi ọgbà, a ó kó ewé tó dí ọ̀nà omi òrùlé. Ṣùgbọ́n a kì í da ẹ̀ka tá a bá gé nù. Orí yanrìn tó wà láàárín ilé wa àti òkun là ń kó wọn lọ, a ó tẹ́ wọn síbẹ̀ kí atẹ́gùn ẹ̀ẹ̀rùn tó dé. Ó máa ń rí wúruwùru, mo gbà.

Àwọn àgbà ní àlejò lójú, kò fi ríran. Cedric Adonis, ọ̀gá iléèwé tó ti fẹ̀yìn tì, wá láti Kimberley tí kò sí òkun. Ó ra ilé tó kángun sí yanrìn, òun àti ìyá rẹ̀ tí gbogbo wa ń pè ní Ouma Lettie, ìyẹn Ìyá Àgbà Lettie, arúgbó tí kò lè dìde lórí bẹ́ẹ̀dì àfi tí èèyàn bá gbé e. Cedric fẹ́ràn ìyá rẹ̀ gan-an. Ìgbéraga nìkan ni àléébù rẹ̀.

2.
Lọ́dún àkọ́kọ́ tó lò lọ́dọ̀ wa, ó bá Àǹtí Sarie, aládùúgbò rẹ̀, níbi tó ti ń tẹ́ ẹ̀ka.

"Àǹtí, ṣé ààtàn ni iwájú ilé mi ni?"

"Rárá o, Tíṣà. Òun ló ń di yanrìn mú. Tẹ́ ẹ bá kó o kúrò, yanrìn á bá yín wọlé."

"Ẹn-ẹ́n? Ṣé á kan ilẹ̀kùn ni, àbí á kàn já wọlé?" Cedric rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀.

"Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Atẹ́gùn ò lọ síléèwé, kò ní bẹ̀rù tíṣà."

Lọ́jọ́ kejì, ó háyà lọ́rí, wọ́n kó gbogbo ẹ̀ka náà lọ. Ìyẹn ò tó o. Ó tún ní kí wọ́n hú ewéko tó fà bo yanrìn, èyí tá a máa ń fi èso rẹ̀ se jáàmù. Ó gbá ibẹ̀ títí tó fi jọ̀lọ̀, ó ya fọ́tò, ó fi ránṣẹ́ sáwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Ouma pè é láti orí bẹ́ẹ̀dì. "Cedric, ṣé o bi àwọn tá a bá níbí léèrè?"

"Màmá, ọ̀lẹ ló ń ṣe wọ́n. Ẹ ò rí i bẹ́ ẹ ṣe ń rí òkun láti ojú fèrèsé báyìí?"

"Mo rí i, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n òkun náà ń rí wa."

3.
Láàárọ̀ ọjọ́ kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn yẹn, Cedric fún ìyá rẹ̀ ní tíì, ó wa mọ́tò lọ sígboro láti ra ọ̀dà. Kò pẹ́ tó lọ ni atẹ́gùn ńlá bẹ̀rẹ̀ láti ojú òkun. Yanrìn tí kò ní ohun tó dì í mú mọ́ gbéra, ó kọrí sílé Cedric. Ó dí ilẹ̀kùn iwájú, ó gun ògiri, ó fọ́ fèrèsé yàrá Ouma, ó wá ń dà wọlé bí àgbàdo tí wọ́n ń dà sápò.

Àǹtí Sarie ló kọ́kọ́ rí i. Ó kígbe pe gbogbo wa, a gbé ṣọ́bìrì, a sáré lọ. Bá a ṣe ń wa yanrìn lọ́wọ́ ni Cedric fẹsẹ̀ sáré dé, torí mọ́tò rẹ̀ ti rì sínú yanrìn lójú ọ̀nà.

"Màmá! Màmá mi o!" Bó ṣe rí Àǹtí Sarie, ó wólẹ̀. "Ẹ dárí jì mí, mo fi yín ṣẹ̀sín, mo..."

"Dìde! Ṣé ẹkún la fi ń kó yanrìn ni? Gba ṣọ́bìrì!"

A já ilẹ̀kùn ilé ìdáná lẹ́yìn. Yanrìn ti bo Ouma dé ìbàdí, ojú rẹ̀ funfun. A rò pé ó ti lọ. Àfi bó ṣe wúkọ́.

"Ta nìyẹn? Sarie? Olúwa, o ṣeun. Ẹ bá mi bu omi, yanrìn ni mo fi jẹun ọ̀sán."

A ń sunkún, a ń rẹ́rìn-ín.

4.
Yàrá iwájú wó pátápátá. Píánò tí bàbá Cedric fi sílẹ̀ fún un ṣì wà lábẹ́ yanrìn títí dòní. Yàrá ẹ̀yìn ni òun àti ìyá rẹ̀ ń gbé báyìí, wọn ò sì rí òkun níbẹ̀.

Nígbà tí atẹ́gùn rọlẹ̀, gbogbo àdúgbò tún padà lọ gé igi ọgbà tí wọ́n ti gé tẹ́lẹ̀. Àǹtí Sarie gé lára igi òroǹbó rẹ̀ tó ń so lọ́wọ́. A kó ẹ̀ka jọ síwájú ilé Cedric. Ó ń gba ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń sọ pé, "Ẹ ṣé. Ẹ ṣé gan-an." Nígbà tó kan ẹ̀ka Àǹtí Sarie, ó gbá a mọ́ àyà.

Ìgbà yẹn la gbọ́ ohùn Ouma láti inú ilé: "Cedric! Ṣé ebi ló máa pa mí lẹ́yìn tí yanrìn ò pa mí?"

"Lọ dá ìyá rẹ lóhùn," Àǹtí Sarie sọ fún un. "Ìyẹn ti tó mi ní ọpẹ́."

Ẹ̀yin ará mi, ẹ gbọ́ o. Tẹ́ ẹ bá dé ibi tí ẹ ò mọ̀, tẹ́ ẹ rí ohun tó jọ ìdọ̀tí lójú yín, ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó gbá a dànù. Cedric rí ìyá rẹ̀ gbà padà. Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló ń rí bẹ́ẹ̀. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè.