Ìdánwò Ìka-Ò-Parọ́

Ìdì irun mẹ́ta ni wọ́n máa ń tò sórí tábìlì, wọ́n á wá lọ pe Ìka-Ò-Parọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ nílé iṣẹ́ tó ń ṣe kírímù irun náà kò ju kó fọwọ́ ra irun lọ. Kírímù tí kò bá ti gba abẹ́ ìka rẹ̀ kọjá, kò lè dé ọjà. Ìbọ̀wọ́ funfun kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, àní nídìí oúnjẹ, àfi tó bá fẹ́ dán irun wò, àwọn òṣìṣẹ́ sì máa ń ní bí wọ́n ṣe ń tọ́jú góòlù nìyẹn.

"Ogún ọdún ni mo fi ní ṣọ́ọ̀bù irun," ni màmá Ìka-Ò-Parọ́ máa ń wí. "Rìláṣà tí wọ́n fi ń na irun, tó ń bó èèyàn lórí, ọwọ́ lásán ni mo fi ń pò ó. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ìbọ̀wọ́ lẹ fi ń bu omi!"

Obìnrin tó ń po kírímù á ṣáà máa pò ó lọ. Ọdún méjì ló ti wà lórí èròjà kan tó fún jáde látinú hóró èso, èyí tí kì í jẹ́ kí irun rú bí ọ̀rinrin bá kàn án. Máníjà ti sọ fún un pé ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni màmá máa dán an wò. Tí kò bá yege lẹ́ẹ̀kẹta, kó palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́. Ọmọ méjì ló sì ń dá tọ́.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó gbé ìdì irun mẹ́ta sínú yàrá kékeré tí ooru omi kún inú rẹ̀. Nígbà tó kó wọn jáde, èyí tí wọ́n fi omi lásán fọ̀ ti ta gìrì, ti kírímù àtijọ́ wú díẹ̀, tirẹ̀ sì sùn sílẹ̀ jẹ́ẹ́. Ojú ara rẹ̀ ló fi rí i. Ó fi tirẹ̀ ṣáájú, ti omi tẹ̀ lé e, ti kírímù àtijọ́ gbẹ̀yìn.

Wọ́n fi aṣọ dúdú di màmá lójú, kí ojú má bàa tan ọwọ́ jẹ. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́, ó fọwọ́ ra ìdì kìíní, ó fọwọ́ ra ìkejì, ó di ìkẹta mú, ó mí kanlẹ̀.

"Èyí tó wà lọ́wọ́ mi yìí nirun. Ta ló gbé ìgbálẹ̀ ṣáájú?"

Máníjà mi orí.

Obìnrin náà padà sẹ́nu iṣẹ́. Oṣù méjì ló fi ń bù kún un tó fi ń bù kúrò. Lẹ́ẹ̀kejì, ó fi ti omi ṣáájú, ó fi tirẹ̀ sáàárín, ti kírímù àtijọ́ tún gbẹ̀yìn.

"Ti àárín yẹn ń lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́ bí oje igi," ni màmá wí. "Ìkẹta yìí nirun."

"Màmá, kí ló wá kù tí mo lè ṣe sí i?"

"Ọwọ́ ni kó o ní, ọmọ mi. Wọn kì í fìwé kọ́ ọ."

Oṣù méjì mìíràn kọjá. Láàárọ̀ ọjọ́ ìdánwò ìkẹta, ìgò tuntun tó pò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó fọ́ yángá. Èyí tó kù nínú fíríìjì ni ìgò àkọ́kọ́, èyí tí màmá pè ní ìgbálẹ̀. Yéè, ó parí! Àmọ́ ẹni tí kò ní méjì ò lè máa ṣà. Ó fi fọ ìdì irun tirẹ̀, ó sì tì í sí ìkẹyìn tábìlì, kí ìtìjú má bàa tètè dé.

Ó po tíì fún màmá, bóyá inú rẹ̀ á rọ̀. Aṣọ ló fi di ife irin gbígbóná náà mú wọlé. Màmá bọ́ ìbọ̀wọ́, ó gbà á, ó gbé e sáàárín àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì, ó sì ń bá máníjà ṣàwàdà títí tíì fi fẹ́ẹ̀ tutù.

Wọ́n dì í lójú. Ó fọwọ́ ra ti kìíní. Ó fọwọ́ ra ìkejì. Ó di ìkẹta mú.

"Áà! Èyí tó wà lọ́wọ́ mi yìí nirun! Ta ló ṣe é?"

"Èmi ni, mà."

"Ṣé o rí i pé o ti ń gbọ́ràn báyìí? Èyí tó o kọ́kọ́ gbé wá lọ́jọ́sí, ká má rí irú ẹ̀ mọ́."

Obìnrin náà bú sẹ́kún, ó kúnlẹ̀, ó dúpẹ́. Máníjà ní kí wọ́n ya ìka mẹ́wàá sára ìgò tí wọ́n máa gbé lọ sọ́jà. Nígbà tí ara obìnrin náà balẹ̀, ó ro ọ̀rọ̀ náà síwá sẹ́yìn. Ìgò kan náà ni. Ìka yẹn ò sì lè ṣì í mú lọ́jọ́ kìíní; a jẹ́ pé ojú òun ló tan òun. Ó mú ìwé àkọsílẹ̀, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé èròjà náà gbọ́dọ̀ lo oṣù mẹ́rin nínú fíríìjì kó tó jinná.

Nígbà tí màmá délé, ọmọ rẹ̀ obìnrin bọ́ ìbọ̀wọ́ funfun náà fún un, ó rí awọ tí ife tíì ti bó, ó sì kígbe pé, "Ẹ tún ti jóná, màmá!", ni Ìka-Ò-Parọ́ bá na ọwọ́ méjèèjì sí i, ó bi í léèrè, bó ṣe ń bi í láti ọdún mọ́kànlá wá, pé ìka wo ni.