Ohun Ẹlẹ́mìí Tí Lọ́yà Ń Ṣọ́

Nígbà tí ọmọbìnrin ìyá oníbàtà ti iléèwé dé sí ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀, agolo kan ló gbé dání. Òwú tútù wà nínú ẹ̀, ẹ̀wà méjì sì ti yọrí jáde lára òwú náà. Ó gbé e sórí tábìlì, láàárín bàtà obìnrin àti bàtà ọmọdé.

"Lọ́yà, kí tún nìyí?" ìyá rẹ̀ béèrè. Lọ́yà ni gbogbo àdúgbò ń pe ọmọbìnrin náà, torí bó bá ti lanu, ìbéèrè ni.

"Ẹ̀wà tá a gbìn ní kíláàsì sáyẹ́ǹsì ni. A ti parí ẹ̀, wọ́n ní kí kálukú máa gbé tiẹ̀ lọ." Ó jókòó sórí páálí bàtà. "Mọ́mì, tíṣà tún ti fún wa níṣẹ́ o. Wọ́n ní ká wá ohun ẹlẹ́mìí kan nílé, ká máa ṣọ́ ọ. Ìgbà tó ń jí, ohun tó ń jẹ, ohun tó ń bà á lẹ́rù. A máa yà á ní kíláàsì àwòrán. Lọ́jọ́ tí àwọn òbí bá wá, a máa sọ ọ́ lójú gbogbo èèyàn. Ẹni tí ò bá ṣe é dáa ò ní bá wọn lọ sí kíláàsì tó kàn."

Ọ̀rọ̀ kíláàsì yẹn ló wọ ìyá oníbàtà létí jù. Lọ́yà ti tún kíláàsì kan kà rí, lọ́dún tí bàbá rẹ̀ kú, ìyá rẹ̀ sì ti búra pé ojú òun ò ní rí irú ẹ̀ mọ́. Ó gbé agolo lọ sójú fèrèsé, ó bu omi sí i.

"Ẹ̀wà yìí ò ní kú," ó ní. "Bó bá fẹ́ kú, kó dúró kí n kọ́kọ́ kú ná."

Lọ́yà wo agolo, ó wo ìyá rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀wà ti di ọmọ ọwọ́ nínú ṣọ́ọ̀bù. Bí oòrùn bá yí, ìyá oníbàtà á yí agolo tẹ̀lé e. Télọ̀ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kejì yọjú sí i.

"Ṣé o ò kúkú ní pọ̀n ọ́n?"

"Gbọ́ tìẹ. Adìyẹ lọmọ tìẹ ń ṣọ́. Kó tó dọjọ́ náà, wàá ti sè é."

Lọ́yà fúnra rẹ̀ kì í sún mọ́ fèrèsé. Bó bá ti iléèwé dé, á jókòó sórí páálí, á fọwọ́ lẹ́rán.

"Mọ́mì, ṣé ẹ mọ̀ pé ẹ máa ń kọrin tí ò bá sí oníbàárà?"

"Irọ́ ni."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ kì í jókòó jẹun?"

"Tí mo bá jókòó, ta ni ó tajà? Lọ wo ẹ̀wà ẹ."

Lọ́jọ́ kan, ó mú páálí àti pẹ́ńsùlù wá, ó ní kí ìyá òun gbé ẹsẹ̀ méjèèjì lé e, ó sì fa ìlà yí wọn ká. Ìyá rẹ̀ gbé ẹsẹ̀ lé e, kò béèrè ìdí. Nínú ṣọ́ọ̀bù bàtà, ta ni kì í wọn ẹsẹ̀?

Àfi bí ìyá oníbàtà ṣe ń gbé ọjà sọ̀ kalẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, tí páálí bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tó balẹ̀ sórí agolo. Ẹ̀wà kan dá lọ́rùn. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì.

"Mo rí ẹ," télọ̀ wí.

"O ò rí nǹkan kan."

Ó ṣa ẹ̀wà kan ní kíṣìnnì, ó dì í sínú òwú tútù, ó fi í pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì títí tó fi hù, ó wá gbé e síbi tí òkú ti kúrò. Ó yà á lẹ́nu pé Lọ́yà ò béèrè nǹkan kan.

"Ọ̀kan ti kúrú ju èkejì lọ," télọ̀ wí.

"Ọmọ ìyá kan náà pàápàá kì í ga dọ́gba. Panu mọ́."

Lọ́jọ́ tí àwọn òbí lọ sí iléèwé, àga ọmọdé ni wọ́n jókòó lé, orúnkún fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. Àwọn àwòrán wà lára ògiri, wọ́n fi aṣọ bò wọ́n. Ọmọ télọ̀ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní ohun tó ń ba adìyẹ òun lẹ́rù ni màmá òun. Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín.

Ó wá kan Lọ́yà. Ìyá rẹ̀ na agolo sí i. Ó gbà á, ó rọra gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Ohun ẹlẹ́mìí tèmi máa ń jí ṣáájú oòrùn," ó ní. "Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá wà ló máa ń kọjú sí. Kì í jẹ púpọ̀, kì í sì í ráhùn."

Ìyá oníbàtà mi orí. Ọmọ náà ń ṣe dáadáa.

"Méjì ni wọ́n tẹ́lẹ̀. Ọ̀kan ti kú. Àwọn èèyàn rò pé èyí tó kù máa rọ, ṣùgbọ́n kò rọ."

Télọ̀ húkọ́. Ìyá oníbàtà dìde, àga ọmọdé náà há mọ́ ọn nídìí, ó bá a dìde.

"Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ọwọ́ ọmọ yìí mọ́," ó ní. "Èmi ni mo pa á. Páálí ló bọ́ lọ́wọ́ mi lù ú. Mo ti gbé òmíràn rọ́pò ẹ̀ láìjẹ́ kọ́mọ mọ̀. Tẹ́ ẹ bá máa dá ẹnì kan padà sí kíláàsì, èmi ni kẹ́ ẹ dá padà."

Gbogbo òbí yíjú sí i.

"Màmá Lọ́yà," tíṣà wí jẹ́jẹ́, "ẹ pa ta ni?"

Ó na ọwọ́ sí ògiri, ó ṣí aṣọ kúrò lórí àwòrán Lọ́yà: obìnrin kan ló dúró sáàárín bàtà, ó kọjú sí ojú ọ̀nà tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé, búrẹ́dì wà lọ́wọ́ rẹ̀, orin wà lẹ́nu rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sì rí gẹ́lẹ́ bíi ti ẹni tó dìde dúró níwájú gbogbo òbí tòun ti àga ọmọdé nídìí.