Ọtí Inú Ọ̀rá

Bunlue ará ìlú Nan kì í gba ìkìlọ̀. Àléébù rẹ̀ kan ṣoṣo nìyẹn, nítorí ní ti ká pọn ọtí bíà, kò sí ẹni tó ta á yọ ní gbogbo agbègbè náà. Ìrẹsì yíyan ló fi ń pọn ọ́n. Ẹni tó bá mu ife kan á jókòó jẹ́ẹ́, bí ẹni tó gbọ́ ìròyìn ayọ̀.

Khamnoi, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ló ni ilé ọtí kékeré náà. Òun ló sá sókè sá sódò kí ìjọba tó fún wọn láṣẹ àtimáa pọn ọtí níbẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Thawin, òṣìṣẹ́ ìjọba tó wá yẹ àwọn àgbá wò, sọ ọ́ lójú àwọn méjèèjì pé: "Ibi tí ẹ ti pọn ọ́n ni kí wọ́n ti mu ún. Tó bá kọjá ẹnu ọ̀nà yìí, mo máa ti ibí pa."

Ní Nan, inú ọ̀rá ni gbogbo nǹkan ń bá lọ sílé: ọbẹ̀, kọfí, omi ìrèké. Wọ́n á fi rọ́bà so ó lẹ́nu, wọ́n á fi kọ́ ìka. Lọ́jọ́ kan, Ìyá Saengla tó ń ta núdù lódìkejì títì wọlé wá.

"Bunlue ọmọ mi, orúnkún ń dùn mí, mi ò lè jókòó síbí. So díẹ̀ fún mi bíi kọfí."

Ó so ó. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, orúnkún ti ń dun gbogbo àdúgbò.

Khamnoi pariwo pé: "Àbúrò, ṣé o fẹ́ kí wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù mọ́ mi lórí ni?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fọkàn balẹ̀. Ta ló máa mọ̀? Ó jọ tíì!"

Ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ.

Ní ọ̀sán kan tí oòrùn ń jó bí iná, oníbàárà kan gbé ọ̀rá tirẹ̀ kọ́ alùpùpù, ó dúró de iná tó ń darí ọkọ̀ lójú títì. Ọtí gbóná, ọ̀rá wú bí ọ̀pọ̀lọ́, ó sì bẹ́ gbàù sára ẹni tó wà lórí alùpùpù ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Thawin ni. Ó nujú, ó lá ètè, ó mí kanlẹ̀.

"Ọwọ́ Bunlue nìyí," ló wí. "Ta ló tún lè pọn irú èyí?"

Ọjọ́ gbogbo ni ti olè, ọjọ́ kan ni ti olóhun. Kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ti gba ìwé àṣẹ ilé ọtí náà padà, wọ́n sì ti da ọtí inú àgbá sí gọ́tà lójú Khamnoi. Òórùn rẹ̀ dùn débi pé àwọn tó ń kọjá dúró. Bunlue wólẹ̀ lẹ́sẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Dìde," ni obìnrin náà wí. "Ọtí rẹ dára. Ìwọ ni o ò ṣe dáadáa sí mi."

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ iṣẹ́ ló yẹ kó ṣọ́ra jù lọ, nítorí iṣẹ́ rere kì í fara sin. Ibi tó bá dé, orúkọ ẹni tó ṣe é ló ń pè. Bí òfin bá há jù, ẹ jẹ́ ká lọ bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n tún un ṣe. Ẹ má jẹ́ ká fi oúnjẹ ẹni tó fọkàn tán wa dán òfin wò.