Ayàwòrán Tí Kò Fẹ́ Kí Ẹnikẹ́ni Mira

Ọkùnrin ayàwòrán kan wà ní èbúté ńlá kan, tí ìfẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ ti lé àánú kúrò lọ́kàn rẹ̀. Kámẹ́rà ṣẹ̀ṣẹ̀ dóde nígbà náà. Ẹni tí wọ́n bá ń yà gbọ́dọ̀ dúró gbọin títí àwòrán yóò fi wọlé. Ẹni tó bá mira, bí èéfín ni yóò rí. Ìdí nìyẹn tí àwọn alágbàṣe fi sọ ọ́ ní Ẹ-Má-Mira. Wọ́n ní eṣinṣin pàápàá ń tọrọ àyè kó tó bà lé ènìyàn níwájú rẹ̀.

Ká má purọ́, ọwọ́ rẹ̀ dára. Ó ya òkìtì èédú, ó ya ọkọ̀ nínú kùrukùru òwúrọ̀, àwọn olówó sì ń fi àwòrán rẹ̀ ṣe ọ̀ṣọ́ ilé. Ṣùgbọ́n bí alágbàṣe bá wúkọ́ lásán níwájú kámẹ́rà rẹ̀, èébú ni.

Àbúrò rẹ̀, ọmọ ìyá rẹ̀ kan ṣoṣo, ń já ẹrù níbẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ayàwòrán ní kí àwọn alágbàṣe tò sábẹ́ àpótí irin tí ẹ̀rọ fi okùn gbé kọ́ sókè.

"Ẹ̀gbọ́n mi, okùn yẹn ti gbó," ni àbúrò wí. "Ẹ jẹ́ ká sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan."

"Ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́ ni? Tóo bá fi lè ba àwòrán yìí jẹ́, má pè mí lẹ́gbọ̀ọ́n mọ́."

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Okùn bẹ̀rẹ̀ sí í já díẹ̀díẹ̀. Àwọn yòókù sá. Àbúrò dúró, ó ń wo ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ayàwòrán rí okùn náà, ó sì lè ké sí i, ṣùgbọ́n àwòrán kò tíì wọlé tán. Irin já lu ọmọkùnrin náà, ó sì kú.

Nígbà tí wọ́n fọ àwòrán, àwọn tó sá rí bí èéfín. Ẹni tó kú nìkan ló hàn kedere. Ìyá wọn gbé àwòrán náà kọ́ sí pálọ̀.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n gbé e kúrò níbẹ̀."

"Òmíràn wo ni mo ní? O ya gbogbo èbúté tán, o ò ya àbúrò rẹ rí."

Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Ayàwòrán kò fọwọ́ kan kámẹ́rà mọ́. Inú pálọ̀ yẹn ló gbó sí, ojú àbúrò rẹ̀ sì ń wò ó láti ara ògiri.

Kí la rí kọ́ níbẹ̀? Iṣẹ́ dára, òkìkí sì dùn, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó tó ẹ̀mí ènìyàn. Bí ẹni tó wà lábẹ́ àṣẹ rẹ bá ní ewu ń bọ̀, gbọ́ tirẹ̀. Ẹni tó bọ̀wọ̀ fún wa lè kú sínú ọ̀rọ̀ tí a fi ẹnu ara wa sọ.