Abẹ Ò Kan Ìdílé Wa Rí

"Wọ́ọ́rọ́wọ́ la máa ń bímọ nílé tiwa! Àwọn ọ̀lẹ ni wọ́n ń fi abẹ gbẹ̀bí fún!"

Ìyá Bámidélé ló ń pariwo bẹ́ẹ̀ níwájú dókítà, ní ọsíbítù kan ní Challenge, n'Ìbàdàn.

Àánú, ìyàwó Bámidélé, dorí kodò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀. Abẹ ni wọ́n fi gbẹ̀bí tiẹ̀ lọ́dún tó kọjá.

Fáíbírọ́ìdì ti kún ilé ọmọ Màmá. Dókítà fẹ́ gba ihò kéékèèké lára ikùn yọ ọ́.

"Màmá, àpá ìsàlẹ̀ ikùn yín ńkọ́?"

"Àpẹ́ńdíìsì ni wọ́n yọ níbẹ̀!"

"Ó dáa. Tó bá jẹ́ abẹ ìbímọ ni, iṣẹ́ náà ṣì ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n àpò ìtọ̀ lè ti lẹ̀ mọ́ ojú àpá. Tí wọn ò bá sọ fún mi, mo lè ṣèèṣì ya á."

Màmá yíjú sí ọmọ rẹ̀.

"Bámidélé, bọ́ síta."

"Kí ló dé, Màmá?"

"Mo ní kó o bọ́ síta!"

Bámidélé ò mira.

Ohùn Màmá wálẹ̀. "Ìwọ àti àwọn àbúrò ẹ. Abẹ ni wọ́n fi gbé gbogbo yín jáde."

Bámidélé lanu. "Àṣé èmi ni àpẹ́ńdíìsì!"

Àánú bú sẹ́rìn-ín, ó ń gbá itan.

Dókítà ò tiẹ̀ gbójú sókè nínú fáìlì tó ń kọ. "Ẹ rọra máa rẹ́rìn-ín. Ìyá tèmi ò tíì jẹ́wọ́ tiwọn."